Pupa Tí Mo Fi Sínú Àwòrán Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú iṣẹ́, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ máa ka ọ̀rọ̀ yìí. Mi ò mọ̀ yín, ẹ̀yin náà ò mọ̀ mí, ìdí nìyẹn tí mo fi lè sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi láti ọdún méjì sẹ́yìn. Mi ò sọ ọ́ fún pásítọ̀ wa, mi ò sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi. Ó ń bá mi jẹun, ó ń bá mi rán aṣọ. Mo ti rò pé màá gbé e kú ni, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́.

Mo ba nǹkan ẹ̀gbọ́n mi jẹ́. Mo fi irọ́ bò ó. Irọ́ yẹn ló wá ń ba ẹ̀gbọ́n mi fúnra wọn jẹ́ báyìí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ kọ́kọ́ kà á tán ná.

Ẹ jẹ́ kí n pe ẹ̀gbọ́n mi ní Àǹtí Títí. Kì í ṣe orúkọ wọn. Ilé bàbá wa ní Aké la jọ ń gbé, àwa méjèèjì, láti ìgbà tí ọkọ tiwọn ti kú, tí ọkọ tèmi sì ti bá ọ̀nà tiẹ̀ lọ. Èmi ni àbúrò. Télọ̀ ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi wà níwájú ilé. Ẹnu mi mú, gbogbo àdúgbò ló mọ̀, mi ò sì ní wá sí ibí wá ṣe bí ẹni jẹ́jẹ́ fún yín.

Àǹtí Títí ní tiwọn, tíṣà ni wọ́n. Iṣẹ́ ọnà ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Tí a bá ń lọ lọ́nà, tí bàbá kan tó ti hewú bá ṣàdéédéé dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo ti mọ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọn nìyẹn. Wọ́n á dárúkọ rẹ̀, wọ́n á dárúkọ bàbá rẹ̀, wọ́n á tún sọ ibi tó máa ń jókòó sí nínú kíláàsì. Bí orí wọn ṣe pé tó nìyẹn.

Ojú wọn ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Dókítà ní àìsàn tó ń jẹ ìríran láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín ni, pé oògùn lè dá a dúró díẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó bá ti lọ ti lọ nìyẹn. Àǹtí Títí gbọ́ ọ, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, a wọ kẹ̀kẹ́ wálé. Bí a ṣe wọlé, wọ́n ní kí n bá àwọn fa páálí funfun tí àwọn fi ń ya àwòrán jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwòrán tí wọ́n ń yà ò ní èèyàn nínú. Kò ní igi, kò ní ilé, kò ní ohun tí èèyàn lè nàka sí pé nǹkan báyìí nìyí. Àwọ̀ ṣáá ni. Kíréyọ́nù kan báyìí tó rọ̀, tó ní ọ̀rá nínú bí àbẹ́là, ni wọ́n ń fi kùn ún. Wọ́n á kun àwọ̀ ìyeyè, wọ́n á kun funfun lé e, wọ́n á tún fi èékánná họ ọ́. Àwọn èyí tí wọ́n kọ́kọ́ yà mọ́lẹ̀ rekete. Bí òkùnkùn ṣe ń wọ ojú wọn, bẹ́ẹ̀ náà ló ń wọ inú àwòrán. Dúdú á bẹ̀rẹ̀ láti igun, á máa bọ̀ ní àárín.

Mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Màá ní, "Àǹtí mi, kí lèyí? Ṣé ẹ da epo sílẹ̀ ni?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní, "Ìwọ télọ̀ yìí, dúró kí o wò ó dáadáa. Ìmọ́lẹ̀ ni mò ń yà." Mi ò kì í dúró. Aṣọ oníbàárà wà lórí ẹ̀rọ mi.

Káyọ̀dé, ọmọ wọn ọkùnrin tó ń gbé ní Alábàtà, ló ní irú àwòrán báyìí kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyẹn náà kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Ó lọ bá àwọn tó ni gbọ̀ngàn kan ní Ìbarà sọ̀rọ̀, wọ́n gbà pé kí a ṣe ìpàtẹ àwòrán síbẹ̀. Ó kó gbogbo àwọn ti ìṣáájú lọ sọ́dọ̀ oníférémù. Ó wá ku mẹ́rin péré, àwọn ti ìkẹyìn, àwọn tí dúdú pọ̀ nínú wọn jù.

Àǹtí Títí ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí mẹ́rin yẹn. Káyọ̀dé fẹ́ fi fóònù yà wọ́n, ìyá rẹ̀ ní ó tì, kí àwọn èèyàn fi ojú ara wọn rí i lọ́jọ́ ìpàtẹ. Èmi nìkan ni mo rí wọn, nítorí èmi ni mo ń to kíréyọ́nù sílẹ̀ fún Àǹtí Títí, tí màá sọ pé dúdú nìyí, aró nìyí, ẹ gba funfun. Nígbà tí wọ́n parí ti ìkẹyìn pátápátá, wọ́n fi kíréyọ́nù sílẹ̀, wọ́n nu ọwọ́ wọn. Wọ́n ní, "Ó tán. Ohun tó kù tí mò ń rí nìyí." Kò pẹ́ sígbà yẹn tí ìyẹn náà lọ.

Káyọ̀dé wá mú wọn lọ sí Alábàtà kí wọ́n lè sinmi lọ́dọ̀ rẹ̀ díẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń wọ mọ́tò, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fi lé mi lọ́wọ́ ni pé, "Òjò yìí ti pọ̀ jù o. Má jẹ́ kí omi kan àwọn páálí yẹn."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀."

Àfi bí òjò ńlá kan ṣe rọ̀ mọ́jú. Páànù ilé wa ti gbó, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ilé àtijọ́ á mọ ohun tí mò ń sọ. Omi wọ yàrá wọn. Nígbà tí mo máa fa àwọn páálí náà jáde láàárọ̀, etí wọn ti rin, ọ̀kan ti ń ká kò. Ọkàn mi já. Mo ní nǹkan tí wọ́n ṣáà ní kó má ṣẹlẹ̀ náà ló fẹ́ ṣẹlẹ̀ yìí.

Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ Aké, ẹ mọ̀ pé àpáta wà káàkiri àárín ilé. Tiwa wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó tẹ́jú, ó gbòòrò. Láti ìgbà ìyá ìyá wa ni a ti ń sá nǹkan sórí rẹ̀. Láfún, ata, aṣọ, ẹní tí ọmọ tọ̀ sí. Nígbà tí a wà ní kékeré, tí òjò bá lu ìwé iléèwé wa, orí àpáta ni ìyá wa máa ń tẹ́ ẹ sí, a ó fi òkúta wẹ́wẹ́ tẹ ojú ewé mọ́lẹ̀, kó tó di ọ̀sán ó ti gbẹ. Nǹkan tó bá ti tutù nílé wa, orí àpáta ló ń lọ. Mi ò tilẹ̀ ronú sí i. Mo gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo tẹ́ wọn, mo fi òkúta sí igun wọn. Inú mi tún ń dùn pé mo tètè rí i.

Ẹ sì mọ oòrùn tó máa ń yọ lẹ́yìn òjò.

Oníbàárà kan wọlé wá wọ aṣọ rẹ̀ wò. Aṣọ fún un lápá, a bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Ọ̀rọ̀ ọkọ aládùúgbò kan wọ̀ ọ́, a sọ ọ́, a rẹ́rìn-ín títí a fi di inú mú. Ẹ má bínú, mo ti sọ fún yín pé ẹnu mi mú. Ìgbà tí mo máa rántí àpáta, oòrùn ti wà ní àtàrí.

Ẹ gbà mí o. Ọ̀rá inú kíréyọ́nù ti yọ́. Àpáta ti gbóná débi tí mi ò lè fi ọwọ́ kàn án. Dúdú ti ṣàn bo gbogbo àwọ̀ yòókù, ó ti lẹ páálí mọ́ àpáta. Mo fà á, ó ya. Mo fa èkejì, àwọ̀ dúró sílẹ̀ lórí àpáta, páálí òfìfo ló tẹ̀lé ọwọ́ mi. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni. Kò ku ẹyọ kan.

Mo jókòó síbẹ̀, mò ń ké "mo gbé o, mo gbé o" sínú, kí àwọn ará ilé kejì má baà gbọ́.

Ó yẹ kí n pe Káyọ̀dé nígbà náà. Mo tilẹ̀ mú fóònù, mo wá orúkọ rẹ̀ jáde, mo wò ó, mo sì gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ bi mí pé kí ló dé. Ìtìjú ni. Láti kékeré, Àǹtí Títí ni ẹni tí kì í ṣe àṣìṣe, èmi ni ẹni tó ń fọ́ àwo. Mo ti di ìyá àgbà, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún pè mí bẹ́ẹ̀. Mo kó páálí tó ya náà mọ́ ìdọ̀tí, mo dáná sun ún. Mo fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ àpáta títí apá fi ń dùn mí, ó sì mọ́.

Ohun tí mo wá ṣe lẹ́yìn ìyẹn ló ń tì mí lójú jù láti sọ. Mo ya àwòrán náà padà.

Kíréyọ́nù wọn wà nílé, páálí funfun ṣì kù. Mo sọ fún ara mi pé kí ló tiẹ̀ wà níbẹ̀? Dúdú ṣáá ni. Èmi tí mò ń fi àwọ̀ jẹun lójoojúmọ́, ṣé mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kun dúdú ni? Mo ti ilẹ̀kùn, mo kun ún, mo ń fi èékánná họ ọ́ bí mo ṣe máa ń rí wọn tí wọ́n ń ṣe. Ti àkọ́kọ́ rọrùn. Ti ìkejì àti ìkẹta, mo ṣe é bó ṣe wá sí mi lọ́kàn.

Nígbà tí mo dé orí ti ìkẹyìn, mo mọ̀ pé ìlà tín-ín-rín kan wà ní ìsàlẹ̀, lọ́wọ́ òsì. Mi ò rántí àwọ̀ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Èmi ni mo mú kíréyọ́nù náà lé wọn lọ́wọ́, ojú mi sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fa ìlà náà, síbẹ̀ mi ò rántí. Mo wo gbogbo kíréyọ́nù tó wà níwájú mi, mo mú pupa. Kò sí ìdí gidi kan. Tí mo bá fẹ́ ṣe ọ̀ṣọ́ sí ọrùn aṣọ dúdú, pupa ni mo máa ń fi sí i, ó máa ń yọ dáadáa. Ìdí tí mo fi mú pupa nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n dé láti Alábàtà, wọn ò tíì jókòó tí wọ́n fi bi mí pé, "Ṣé omi ò kan páálí mi?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n wà níbẹ̀."

Mo gbé ti ìkẹyìn síwájú wọn. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ pa orí rẹ̀ jẹ́jẹ́, bí wọ́n ṣe máa ń pa orí ọmọ. Ọwọ́ wọn dúró. Wọ́n ní, "Mi ò mọ̀ pé mo tẹ ọwọ́ mọ́ ọn tó báyìí."

Ẹ̀rù bà mí. Ẹ̀rù yẹn ló sọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Mo ní, "Ẹni tí ojú rẹ̀ ò ríran mọ́, báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́?"

Wọ́n gbé ọwọ́ kúrò.

Ọjọ́ ìpàtẹ pé, gbọ̀ngàn Ìbarà kún. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba yà wọlé láti ọ́fíìsì wọn, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa wá, àwọn tí Àǹtí Títí kọ́ níléèwé wá pẹ̀lú ewú lórí. Káyọ̀dé to àwòrán náà yí ògiri ká, láti orí èyí tó mọ́lẹ̀ jù dé orí èyí tó dúdú jù. Bí èèyàn bá wọlé, àwọ̀ ìyeyè àti funfun ló máa pàdé rẹ̀, ojú rẹ̀ á fẹ́ dijú. Bó ṣe ń rìn lọ, aró á bẹ̀rẹ̀, àwọ̀ ewé á máa ṣókùnkùn, dúdú á máa gbilẹ̀. Àwọn èèyàn ò mọ ìgbà tí wọ́n dín ohùn kù.

Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ dúró wo iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ìmọ́lẹ̀ ni lóòótọ́. Mo rí bó ṣe máa ń gba fèrèsé pálọ̀ wa wọlé láàárọ̀. Mo rí ọ̀kan tó jẹ́ pé dúdú ni wọ́n kun, ṣùgbọ́n nǹkan ń tàn lábẹ́ rẹ̀, èèyàn á fẹ́ sún mọ́ ọn. Mo rìn títí mo fi dé orí mẹ́rin tèmi. Ti ẹ̀gbọ́n mi jinlẹ̀, tèmi kàn dúdú ni. Mo ní gbogbo ayé ló máa mọ̀ báyìí.

Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ìyá àgbàlagbà kan tiẹ̀ dúró níwájú ti ìkẹyìn, ó ń wo ìlà pupa yẹn, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Àǹtí Títí jókòó sórí àga, wọ́n gbọ́ ẹkún rẹ̀. Wọ́n fà mí mọ́ra. "Ẹni tó ń sunkún yẹn, iwájú èwo ló wà?"

Mo ní, "Iwájú ti ìkẹyìn ni."

Wọ́n di ọwọ́ mi mú pinpin. Ayọ̀ tó wà lójú wọn, mi ò lè ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí, nítorí inú tèmi náà dùn. Mo ní, áà, èmi télọ̀, iṣẹ́ ọwọ́ mi ló ń pa èèyàn lẹ́kún báyìí. Fún ìṣẹ́jú díẹ̀, mo gbàgbé pé olè ni mí.

Káyọ̀dé wá gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún ìyá rẹ̀. Wọ́n kí gbogbo èèyàn. Wọ́n ní, "Àwòrán ìkẹyìn yẹn kì í ṣe títà o. Ohun tí ojú mi rí kẹ́yìn ni mo tọ́jú síbẹ̀. Mo mọ̀ pé tó bá pẹ́, mi ò ní lè rántí bí àwọ̀ ṣe rí mọ́. Tó bá di ìgbà yẹn, ẹni tó bá ríran nílé mi á máa kà á fún mi."

Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Èmi ti rò pé àwòrán lásán ni mo bà jẹ́.

Wọ́n gbé àwòrán náà kọ́ sí pálọ̀ wa. Tí a bá jẹun ọ̀sán tán, wọ́n á ní, "Ó yá, kà á fún mi." Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ kà á, mo ní dúdú ni, mo ní aró díẹ̀ wà lókè, mo ní ìlà pupa kan wà ní ìsàlẹ̀.

Wọ́n ní, "Pupa? Mi ò fi pupa sí i."

"Pupa ló wà níbẹ̀, Àǹtí mi."

"Ó tì o. Àwọ̀ ewé ni. Àwọ̀ ewé tó ti fẹ́ kú. Bí mo ṣe ń rí etí fèrèsé nígbà yẹn nìyẹn. Ìwọ lo mú kíréyọ́nù rẹ̀ fún mi."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún mi lọ́jọ́ yẹn. Ǹ bá ti wọlé. Ẹnu mi tí kì í dúró ló tún sọ ọ́: "Pupa ni mo mú fún yín. Ẹ̀yin lẹ ní kí n mú pupa."

Wọn ò gbà. Wọ́n dúró kí Káyọ̀dé wá. Wọ́n ní kó lọ wo ìlà ìsàlẹ̀, kó sọ àwọ̀ tó rí. Ọmọ náà wò ó, ó ní, "Pupa ni, Mọ́mì." Kò purọ́. Ohun tó rí ló sọ.

Àǹtí Títí ní, "Ó dáa." Wọ́n jókòó, wọ́n gbé ọwọ́ lé itan.

Láti ọjọ́ yẹn ni nǹkan ti yí padà. Màá wà nídìí ẹ̀rọ, màá máa gbọ́ wọn ní pálọ̀, wọ́n ń ka orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì wọn àtijọ́. Tí wọ́n bá dé ibi tí orúkọ kan ò ti wá, wọ́n á fi ọwọ́ gbá itan, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Ta ni nínú wa tó ń rántí gbogbo orúkọ? Ṣùgbọ́n tẹ́lẹ̀ wọn ò kì í ṣàníyàn nípa rẹ̀. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí pé ṣé àwọn ti jẹun. Wọ́n mọ̀ pé àwọn ti jẹun o. Wọ́n kàn fẹ́ kí n sọ ọ́ kó lè dá wọn lójú ni.

Wọ́n fi kíláàsì àwọn ọmọdé tí wọ́n ń kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn lè kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́. Tẹ́lẹ̀, bí wọn ò tilẹ̀ ríran mọ́, wọ́n ṣì máa ń mú kíréyọ́nù, wọ́n á máa fi ìka wá etí páálí, wọ́n á máa yà. Ìyẹn náà dúró. Mo gbé páálí tuntun síwájú wọn lọ́jọ́ kan, wọ́n tì í padà sọ́dọ̀ mi. Wọ́n ní, "Orí tí kò mọ ohun tó yà, kí ló tún fẹ́ yà?"

Wọ́n ní kí Káyọ̀dé mú àwọn lọ rí dókítà orí. Ojú Káyọ̀dé pọ́n nígbà tí wọ́n dé. Dókítà ní òun ò rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n pé ọjọ́ orí ti ń lọ, kí a máa ṣọ́ wọn. Apá kejì ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ni wọ́n gbé wálé. Káyọ̀dé wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó kúnlẹ̀, àgbà ọkùnrin. Ó ní, "Ẹ ṣé, Àǹtí, ẹ bá mi máa ṣọ́ Mọ́mì o. Ẹ̀yin nìkan ni wọ́n ní."

Mo ti gbìyànjú láti jẹ́wọ́. Ẹ gbà mí gbọ́. Bí a ṣe ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kan, wọ́n di apá mi mú, ọ̀nà dákẹ́, mo ní, "Àǹtí mi, ọ̀rọ̀ kan wà." Wọ́n dúró. Wọ́n kọ ojú sí mi. Mo ní, "Ṣé kí a ra búrẹ́dì?" Irú èèyàn wo ló ń ṣe báyìí?

Ó wá di ọjọ́ Àìkú tó kọjá. A jẹun tán. Mo ń retí kí wọ́n ní kí n kà á. Wọn ò ní kí n kà á. Wọ́n jókòó tààrà, wọ́n pa ọwọ́ pọ̀ bí ọmọ iléèwé tí wọ́n pè dìde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ fúnra wọn. "Dúdú ni gbogbo rẹ̀. Aró díẹ̀ wà lókè. Ní ìsàlẹ̀, lọ́wọ́ òsì, ìlà tín-ín-rín kan wà. Pupa ni. Mo ti wá rántí ọjọ́ tí mo ní kí o mú pupa fún mi."

Wọ́n yí ojú sí ibi tí wọ́n rò pé mo wà. Wọ́n ní, "Ṣé mo gbà á?"

Mo ní, "Ẹ gbà á, Àǹtí mi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ẹ̀rín yẹn lójú wọn. Mo sá lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á ní kí n lọ sọ ọ́, kí ìtìjú pa mí. Ó tọ́. Tí Káyọ̀dé bá ní kí n kó jáde nílé bàbá mi, mi ò ní bá a jà. Àwọn kan á ní kí n jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, ṣebí inú wọn ti dùn báyìí. Mo ti gbìyànjú láti gba ti ẹ̀yin yẹn gbọ́ láti ọjọ́ Àìkú. Mi ò lè gbà á. Ẹ̀rín tí wọ́n rín yẹn, ẹ̀rín ẹni tí wọ́n ti mú gbà pé orí òun ò pé ni. Orí wọn pé o! Èmi ni mo mọ̀ pé ó pé. Mo sì jókòó tì wọ́n, mò ń wò wọ́n.

Mi ò ní àwòrán tí mo lè dá padà fún wọn. Ó ti jóná. Èmi nìkan ni mo rí i yàtọ̀ sí wọn, mi ò sì wò ó. Ohun kan ṣoṣo tó kù nínú rẹ̀ láyé yìí ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ, pé àwọ̀ ewé ni, àwọ̀ ewé tó ti fẹ́ kú. Mo bá wọn jiyàn lórí rẹ̀ títí wọ́n fi jù ú nù.

Ẹ sọ fún mi bí mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ bóyá kí n pe Káyọ̀dé síbẹ̀ tàbí kó jẹ́ àwa méjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé wọ́n á bínú. Èyí tó ń bà mí báyìí ni pé màá kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀gbọ́n mi, màá sọ òótọ́, wọ́n á sì fi sùúrù sọ fún mi pé pupa ni.